Àjọ̀dún Orin Akẹ́kọ̀ọ́: Olùdarí Wà Nílé

Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí àti ìjòyè ti sọ ọ́ di àwáwí. Bí ọmọ bá dàgbà tí kò mọ ijó, wọ́n á ní ọrùn ọmọ ni ẹ̀bi wà. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá alágẹmọ jẹ́ kí ọmọ náà sún mọ́ ìlù rí, tàbí bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán an lọ ni ó kọ́ ọ pé ohun tí baba rẹ̀ ń lù kì í ṣe orin.

Lóde òní, ìfẹ́ kan ń gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ti ilé àti ti ẹ̀yìn odi: kí àwọn lísè agbègbè yìí ní àjọ̀dún orin tiwọn, irú èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ní, níbi tí wọ́n ti ń fi ìdánwò yan akọrin àti olóhun-èlò láti inú ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, tí wọ́n sì ń pe olùdarí kan láti ibòmíràn kí ó kó wọn pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Ìfẹ́ rere ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni bí ọ̀pọ̀ ṣe ń fojú inú wo àjọ̀dún náà. Lójú wọn, olùdarí ní láti ti òkè òkun wá, tàbí kí ó kéré tán jẹ́ ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ orin lọ́hùn-ún. Orin tí àwọn ọmọ yóò kọ ní láti jẹ́ èyí tí a kọ sórí ìlà márùn-ún. Ìdánwò ní láti jẹ́ ti dùùrù àti fèrè. Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi í sí, kí ó kí mínísítà àti ọba káàbọ̀, kí àwọn onílù sì kó ẹrù wọn kúrò kí ètò gan-an tó bẹ̀rẹ̀.

Èrò yẹn kò tọ́, ó sì léwu. Bí a bá ṣe àjọ̀dún lọ́nà yẹn fún ọdún mẹ́wàá, ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti parí iṣẹ́ tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ tí kò rí parí.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni takò ohun tí kò mọ̀, nítorí náà ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1926, olùkọ́ orin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joseph Maddy kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà wá sí ìlú Detroit, níbi tí àwọn olùkọ́ orin orílẹ̀-èdè náà ti ń ṣe ìpàdé. Àwọn ọmọ tí kò mọ ara wọn rí jókòó pọ̀, wọ́n sì dá orin lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ péré, ẹnu sì ya àwọn àgbà. Nígbà tí ó di ọdún 1928, Maddy dá àgọ́ ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní Interlochen, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Lónìí, irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ wà káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní Texas, ìlú San Antonio ni wọ́n ti ń pàdé ní oṣù kejì ọdọọdún, àwọn tí wọ́n sì ń ṣe ìdánwò láti wọlé jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é yé kooro. Wọ́n á kéde orin ìdánwò ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, kí ọmọ tálákà àti ọmọ olówó lè ní àkókò kan náà láti fi kọ́ ọ. Ní ọjọ́ ìdánwò, ní ibi púpọ̀, aṣọ ìkélé ni wọ́n ń ta sí àárín ọmọ àti àwọn adájọ́. Ọmọ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ dárúkọ ara rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é. Etí nìkan ni adájọ́ ní láti fi ṣe ìdájọ́. Àwọn tí ó bá yege á gba ìwé orin lọ sílé, wọ́n á kọ́ ipa tiwọn, wọ́n á sì dé ibi àjọ̀dún pẹ̀lú rẹ̀ lórí. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti bá olùdarí tí a pè pàdé, ẹni tí kò mọ ọ̀kan nínú wọn rí. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò láti òwúrọ̀ di alẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á kọrin níwájú àwọn òbí, kálukú á sì padà sílé.

Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí, kò sì yẹ kí ìgbéraga àṣà dí ẹnikẹ́ni lójú láti rí i. Àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó wọlé nítorí pé baba rẹ̀ mọ gíwá. Èkejì, ọmọ tí ó dára jù ní abúlé rẹ̀ máa ń bá ọmọ tí ó dára jù ú lọ pàdé, ìyẹn sì ń kọ́ ọ ní ìrẹ̀lẹ̀ ju ẹgba lọ. Ẹ̀kẹta, àlejò tí ó ń darí kì í jẹ́ kí ìwà ‘bí a ti í ṣe é nílé tiwa nìyí’ sọ àwọn ọmọ di ọ̀lẹ. Ní Venezuela, láti ọdún 1975 tí José Antonio Abreu ti dá ètò ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọdé sílẹ̀, a ti rí i pé bí a bá fi ọwọ́ gidi mú ẹ̀kọ́ orin, àwọn ọmọ àdúgbò tálákà lè dé ibi tí ayé ń wò. Láti inú ètò náà ni Gustavo Dudamel ti jáde, tí ó di olùdarí tí gbogbo ayé mọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi òótọ́ inú sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò wúlò.

Ọ̀nà ìṣe nìyẹn. Ohun tí a ń fi ọ̀nà náà kọ́ ọmọ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó lọ ra agbọ̀n lọ́jà kò ní láti ra iṣu tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ Amẹ́ríkà fi ọ̀nà yẹn kọ́ àwọn ọmọ wọn ní orin tí wọ́n kà sí tiwọn, lábẹ́ àwọn olùdarí tí wọ́n gbà pé wọ́n mọ orin náà ju gbogbo ènìyàn lọ. Bí Kétu bá fẹ́ fara wé wọn ní tòótọ́, ohun kan náà ni ó yẹ kí ó ṣe: kí ó fi orin Kétu kọ́ ọmọ Kétu, lábẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù.

Àwọn kan yóò sọ pé orin ni orin ń jẹ́, pé kò sí ìyàtọ̀. Etí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Èdè yìí fúnra rẹ̀ orin ni. Olùkọ́ tí ó fẹ́ kọ́ ọmọ ní àmì ohùn kì í rìn jìnnà. Dò, re, mí ni ó ń lò, dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ti àárín, mí fún ti òkè. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro ilẹ̀, ọkọ tí ìyàwó fẹ́, ọkọ̀ tí èrò wọ̀, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ gbé dání: lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn ni ó yà wọ́n. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé orin tí a dá fún èdè Faransé, orin náà á gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, àdúrà tí aya gbà fún ọkọ rẹ̀ á sì di àdúrà fún ọkọ́ inú ilé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ìjọ ti ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń kọ ohun tí kò ní ìtumọ̀ lẹ́nu wọn, tí wọ́n sì rò pé bí ìsìn ṣe ń rí nìyẹn.

Àwọn tí ó mọ orin òyìnbó jù nínú ọmọ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Thomas Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà àwọn Áńgílíkà ní Èkó, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Fela Sowande, Ayo Bankole àti Akin Euba tọ ipa náà lẹ́yìn rẹ̀, kálukú ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n mọ Bach, wọ́n mọ Handel, síbẹ̀ wọ́n padà sí ẹsẹ̀ onílù láti kọ́ ẹ̀kọ́. Ó wá ya ni lẹ́nu pé àwọn tí kò mọ Bach, tí kò sì mọ ìlù, ni ó ń sọ fún ọmọ Kétu pé ìlù kò tó ohun tí a fi ń ṣe ìdánwò.

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lọ síbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀sán. Àwọn ọmọ kékeré ni ó ń kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò tíì dúró dáadáa. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ó jù wọ́n lọ díẹ̀, títí ilẹ̀ fi máa kan àwọn ọ̀gá. Ìyá-ìlù á sọ gbólóhùn, ẹsẹ̀ oníjó sì ní láti fi ṣaworo sọ gbólóhùn náà gan-an, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, láìfi ọ̀kan kún un. Bí ìlù bá dúró tí ẹsẹ̀ kò dúró, gbogbo ìlú ti rí i. Kò sí aṣọ ìkélé níbẹ̀, kò sì sí adájọ́ mẹ́ta lórí àga. Àwùjọ ni adájọ́, àwọn ìyá tí wọ́n ti ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ìgbà ọmọdé wọn sì ni adájọ́ tí ó le jù. Ìdánwò nìyẹn, ẹgbẹ́ olórin nìyẹn, olùdarí sì wà níbẹ̀ tí ó ń fi ọ̀pá ìlù darí gbogbo rẹ̀. Àwọn baba ńlá ti ní ilé-ẹ̀kọ́ orin tí ó ní kíláàsì láti kékeré dé àgbà kí Detroit tó gbọ́ orúkọ Maddy. Wọ́n máa ń ní ojú tí ó rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ti rí i lórí fóònù, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ìlù sọ.

Bí ìlù ṣe dé ẹnu ọ̀nà ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ ìjọba Faransé rántí ‘signal’, ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn bí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, tí kò sì ní bọ́ lọ́rùn rẹ̀ àfi bí ó bá mú ẹlòmíràn tí ó ṣẹ̀ bíi tirẹ̀. Ìjọba náà kan náà ni ó tún ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jó, kí wọ́n sì kọrin. Ní ilé-ẹ̀kọ́ William-Ponty ní Senegal, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso, wọ́n máa ń ní kí àwọn ọmọ kó ìtàn àti orin ìlú wọn jọ ní àkókò ìsinmi, kí wọ́n sì fi wọ́n ṣe eré. Ní ọdún 1933, àwọn ọmọ Dahomey ṣe eré lórí ìpàdé ìkẹyìn láàárín Béhanzin àti Bayol. Ní ọdún 1937, wọ́n gbé eré Sokamé lọ sí Paris. Ọgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà kò kéré, ìyìn sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́: èdè Faransé ni ó ń sọ ọ̀rọ̀, ìlù ni ó ń ṣe ọ̀ṣọ́. Faransé ru ìtumọ̀, ìlù ru ariwo.

Pípín iṣẹ́ yẹn ni ó ṣì wà lórí pẹpẹ ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní. Òmìnira dé ní ọdún 1960, àsíá yí padà, ṣùgbọ́n àyè ìlù kò yí padà. Àjọ̀dún orin akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi orin òkè òkun sí àárín tí ó sì fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, William-Ponty ni ó tún kọ́, pẹ̀lú owó àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn.

Oríṣi àtakò mẹ́ta ni ó máa ń dìde sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a dá ọ̀kọ̀ọ̀kan lóhùn.

Àwọn kan ní ọmọ tí a bá ti ìlù kọ́ kò ní rí ọ̀nà lọ sí ayé. Ọdún 1994 ni àwọn ọ̀dọ́ kan dá Gangbé Brass Band sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n fi ìlù ìbílẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n fi fèrè onírin ṣe òrùlé, wọ́n sì ti fi í káàkiri ayé. Angélique Kidjo, tí a bí ní Ouidah, ń kọrin ní Fọn àti Yorùbá níwájú àwọn tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ olórin ńlá ti Luxembourg jọ ṣe àwo orin tí ó gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 2016, orin tirẹ̀ ni àwọn olórin Yúróòpù náà jókòó kọ́. Ẹni tí ó ní nǹkan lọ́wọ́ ni ayé ń dúró dè. Ẹni tí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Paris pẹ̀lú orin Paris tí kò kọ́ jinlẹ̀, ẹ̀yìn ìlà ni yóò wà.

Àtakò kejì ti ilé wá, òun ni ó sì nílò ìfọ̀wọ̀wọ̀ jù. Àwọn àgbà kan ní ìlù ti ìdílé ni, pé a kì í fi ìdánwò yan onílù, pé ohun ọlọ́wọ̀ kò yẹ fún pápá ilé-ẹ̀kọ́. Òtítọ́ wà nínú apá kan ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tí ó jẹ́ ti inú igbó kí ó wà nínú igbó. Kò sí àjọ̀dún tí ó yẹ kí ó tú àṣírí fún olùwòran. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ṣe ń lu awọ, bí etí ṣe ń mọ gbólóhùn ìlù, bí ohùn ṣe ń gbé orin ní gbangba, ìyẹn kì í ṣe awo. Ní ti ìdílé, kí àwọn àgbà wo ìtẹ́ Alákétu. Ìdílé ọba márùn-ún ni ó ń jẹ ẹ́ ní ìtẹ̀léra, ìbí sì ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ọmọ ọba ni ó ń dé orí ìtẹ́. Bí ìbí nìkan bá tó, kí ni àwọn afọbajẹ ń wádìí? Kí ni wọ́n ń bi Ifá? Bí a bá ń yẹ ọmọ ọba wò kí ó tó jọba, kò sí àbùkù nínú kí a yẹ ọmọ onílù wò kí ó tó gba ọ̀pá.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé tún wà. Bàbá Thomas Moulero, ọmọ Kétu, tí ó di àlùfáà Kátólíìkì àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dahomey ní ọdún 1928, kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí Ègùn àti Yorùbá ti ń gbé pọ̀, Adjogan, tí ó jẹ́ orin ààfin, wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì, ó sì di ohun tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń yin Ọlọ́run, láìjẹ́ pé ààfin pàdánù rẹ̀. Bí orin ọba bá lè wọ ilé Ọlọ́run kí ó sì padà sí ààfin ní àlàáfíà, kí ni yóò ṣe é ní lísè?

Àtakò kẹta ni owó. Wọ́n ní kò sí owó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú àlejò kan láti òkè òkun, pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì àti àpòòwé rẹ̀, lè bọ́ àgbà onílù mẹ́wàá fún ọ̀sẹ̀ ìdánrawò. Ohun tí wọ́n ń fún àgbà onílù ní ọ̀pọ̀ ayẹyẹ ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan àti owó ọkọ̀ tí kò gbé e délé. Ọmọ tí ó bá rí i bí a ṣe ń ṣe é sí ọ̀gá ìlù kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó má kọ́ ìlù.

Ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ àti àwọn ọba béèrè fún kò ṣòro láti là kalẹ̀. Kí olórí àwọn olùdarí jẹ́ ọ̀gá onílù tàbí akọrin Ẹ̀fẹ̀, kí owó tirẹ̀ sì bá ti olùdarí èyíkéyìí tí ó ti òkè òkun wá dọ́gba. Kí ó jẹ́ àlejò ní tòótọ́: kí ọ̀gá láti Ìmẹ̀kọ darí àwọn ọmọ Kétu, kí ti Kétu darí àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí Àtàkpámẹ̀ ní Togo. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ó fi ààlà sí àárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, tí wọ́n sì fi í sínú àkójọ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2008, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n kọ pọ̀. Ohun tí ìwé àgbáyé ti so pọ̀, kò yẹ kí àjọ̀dún akẹ́kọ̀ọ́ tún pín in.

Kí orin ìdánwò jáde ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, kí wọ́n gba ohùn ọ̀gá kan sílẹ̀ tí ń kọ ọ́, kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sì gbọ́ ọ, títí dé èyí tí ó wà ní oko. Kí wọ́n lo aṣọ ìkélé àwọn ará Amẹ́ríkà, nítorí pé ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ọmọ ta ni ni aṣọ ìkélé ti wúlò jù. Kí olùkọ́ èdè jókòó láàárín àwọn adájọ́, kí ọmọ tí ó bá ṣi ohùn ọ̀rọ̀ pàdánù máàkì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣi orin. Kí àyè wà fún ẹgbẹ́ dùùrù àti fèrè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ orin tí ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tàbí ọmọ ilẹ̀ Benin dá ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò. Kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin lu ìlù lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń júbà. Àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá júbà ìyá tí ó sì lé ọmọbìnrin kúrò nídìí ìlù ń fi ẹnu sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun ni ọ̀pọ̀ ń sá fún. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ ní àṣẹ láti sọ òtítọ́ lójú gbogbo ìlú ní òru. Ó lè bú olè, ó lè kìlọ̀ fún ìjòyè, ó lè fi àwàdà na ẹni tí òfin kò lè mú. Orin òkè òkun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Mínísítà lè jókòó tẹ́rùn síwájú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ń kọ orin Látìnì, kí ó pàtẹ́wọ́, kí ó sì lọ sílé láìgbọ́ ohun kan tí ó kàn án. Bí àwọn ọmọ kan náà bá dìde tí wọ́n kọ Ẹ̀fẹ̀ nípa àga tí kò sí ní kíláàsì wọn àti owó ìwé tí ó sọnù lójú ọ̀nà, àtẹ́wọ́ náà kò ní yá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù èyí ni ó wà nísàlẹ̀ ọkàn ọ̀pọ̀ tí ń sọ pé orin ìbílẹ̀ ‘kò tíì ṣetán’ fún àjọ̀dún ńlá. Orin náà ti ṣetán láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tí yóò gbọ́ ọ ni kò ṣetán.

Ibi tí àwọn ọba ti wúlò nìyí. Kí Alákétu, Oníṣábẹ̀ẹ́ àti àwọn ọba yòókù má ṣe jẹ́ ọ̀ṣọ́ àga iwájú. Àwọn nìkan ni ó lè fi àṣẹ ṣe ààbò fún ọmọ tí ó bá sọ òtítọ́ nínú orin, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti ń dáàbò bo Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀. Ọba tí ó bá lè jókòó gbọ́ ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láìbínú, ọba tí ó mọ ohun tí adé jẹ́ ni.

Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, orúkọ Kétu ṣì ń gbé orí ahọ́n. ‘Ketu’ ni wọ́n ń pe ẹ̀ka Candomblé kan tí ó gbajúmọ̀ jù. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù níbẹ̀, ọmọdé sì ń kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà, lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrú, lẹ́yìn pàṣán, lẹ́yìn ọdún tí ọlọ́pàá fi ń kó ìlù wọn lọ. Wọ́n ń kọrin ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fi èdè náà ra iyọ̀ lọ́jà. Ipá ni ó já èdè lẹ́nu wọn. Wọn kò lẹ́bi, wọ́n yẹ fún ọlá nítorí pé wọ́n di orin mú nígbà tí ohun gbogbo bọ́. Ọmọ Kétu tí ó wà ní Kétu kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Ó ní èdè, ó ní ìlù, ó ní àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n. Bí òun náà bá wá di ẹni tí ń gbọ́ ìlù tí kò gbọ́ ohun tí ìlù wí, ta ni yóò dá lẹ́bi?

Ìgbà kan wà, kò sì tíì pẹ́, tí ọmọ bá ń kọjá lójú agbo, tí ìyá-ìlù á fi oríkì ìdílé rẹ̀ kí i, tí orí rẹ̀ á wú, tí yóò sì dúró dá a lóhùn pẹ̀lú ẹsẹ̀. Lónìí, ìlù ṣì ń kí ọmọ náà. Ó ń kọjá lọ pẹ̀lú ohun ìgbọ́rin nínú etí, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Àwọn ọ̀gá tí ó mọ bí a ti ń pè é ń darúgbó, a sì ń sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó tán, kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn gíwá lísè, kí àwọn ọba fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fi ìwé ìpè àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ilé onílù. Olùdarí wà nílé. Kò sí ẹni tí ó tíì pè é ni.